Ohùn Hendrix dúró di ìparí: orin “All Along the Watchtower” nínú Battlestar Galactica

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo Battlestar Galactica tán, eré tẹlifíṣọ̀n nípa àwọn èèyàn tó ń gbé inú ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń sá fún ọ̀tá, tí wọ́n sì ń wá Ayé, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 2004 sí 2009. Orin ‘All Along the Watchtower’ tó ń jáde nínú rẹ̀ rú mi lójú. Ẹ̀gbọ́n mi ní Jimi Hendrix ló ń kọ ọ́ látòkè délẹ̀, èmi ní ohùn náà yàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an ló ti jáde, ta ló kọ ọ́ níbi kọ̀ọ̀kan, báwo sì ni àwọn èèyàn tí kò tíì dé ayé wa yìí ṣe mọ orin tí Bob Dylan kọ ní ọdún 1967? Mo máa ń ta gìtá díẹ̀, tí ẹ bá lè fi bí wọ́n ṣe ń ta á kún un, inú mi á dùn.”

Ìdáhùn: Ẹ̀yin lẹ jàre, àmọ́ kí ẹ rọra sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n. Ohùn Jimi Hendrix kò jáde nínú eré náà àfi ní ìparí pátápátá, nínú “Daybreak”, apá tó kẹ́yìn, tí wọ́n gbé sórí afẹ́fẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 2009. Gbogbo èyí tí ẹ gbọ́ ṣáájú rẹ̀, Bear McCreary tó ń ṣe orin fún eré náà ló tún un tò láti ìpìlẹ̀, arákùnrin rẹ̀ Brendan McCreary ló sì fi ohùn kọ ọ́. Bob Dylan tó ni orin kò fi ohùn ara rẹ̀ kọ ìlà kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n yín ti ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwo Hendrix ti wọ̀ wá létí débi pé bí a bá ti gbọ́ kọ́ọ̀dù mẹ́ta yẹn báyìí, etí wa á ti fi gìtá rẹ̀ kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé Hendrix ni láti ìbẹ̀rẹ̀, adùn ìparí eré náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, torí wọ́n dìídì fi Hendrix pamọ́ ni. Láti ìparí sáà kẹta títí dé òpin sáà kẹrin, ṣe ni wọ́n ń bó orin yìí bí ẹni ń bó àgbàdo. Ó kọ́kọ́ jẹ́ ariwo lára ògiri ọkọ̀, ó di ọ̀rọ̀ ẹnu, ó di àmì tí ọmọdé yà sórí bébà, ó di nọ́ḿbà, kó tó wá di àwo tí èmi àti ẹ̀yin lè rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orin náà fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kọkànlá ọdún 1967 ni Dylan gbà á sílẹ̀ ní ìlú Nashville. Òun ló ta gìtá onígi, òun ló fọn hàmóníkà. Charlie McCoy ta báàsì, Kenny Buttrey lu ìlù. Kò sí ẹlòmíì. Orin náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lọ, ó sì jáde nínú àwo John Wesley Harding ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ìlà méjìlá ló ní, kò sì ní ègbè kankan. Aláwàdà kan ń bá olè kan sọ̀rọ̀: aláwàdà ń wá ọ̀nà tí òun máa gbà jáde, ó ní rúdurùdu ti pọ̀ jù, olè ní kó fọkàn balẹ̀, ilẹ̀ ń ṣú lọ. Lẹ́yìn èyí ni orin gbé wa gun orí ilé ìṣọ́. Àwọn ọmọ ọba ń wo ọ̀nà, ẹlẹ́ṣin méjì yọ lọ́ọ̀ọ́kán, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ibẹ̀ ló dákẹ́ sí.

Ẹni tó bá ń ka Bíbélì dáadáa á ti mọ ibi tí àwòrán yìí ti wá. Ìwé Aísáyà orí 21 ni: wọ́n tẹ́ tábìlì, wọ́n yan olùṣọ́ sórí ilé ìṣọ́, olùṣọ́ rí àwọn ẹlẹ́ṣin méjì-méjì tó ń bọ̀, ìròyìn tó sì tẹ̀lé wọn ni pé Bábílónì ti ṣubú. Ẹ wá wo bí Dylan ṣe tò ó. Ẹsẹ tí àjèjì méjì ti ń bọ̀ lọ́nà, èyí tó yẹ kó ṣíde ìtàn, òun ló fi parí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ lẹ́yìn náà ló fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí orin bá dópin, ẹ lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjá okùn ìtàn. Eré kan tí àwọn inú rẹ̀ ń tẹnu mọ́ ọn pé gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, pé yóò sì tún ṣẹlẹ̀, mi ò mọ orin mìíràn tó lè bá a mu tó èyí.

Kọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ń yí po ni, ibí ni mo ti máa dáhùn ti gìtá yín. Bí ẹ bá fẹ́ ta á bíi ti Dylan, ẹ de kápò (ohun tí a fi ń há okùn mọ́ ọrùn gìtá) mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kẹrin, kí ẹ wá máa di Am, G, F, G mú. Ohun tí yóò máa dún síta ni C#m, B, A, B. Báà kọ̀ọ̀kan ní ìkà mẹ́rin, kọ́ọ̀dù méjì ló sì ń wọnú báà kan: Am àti G nínú àkọ́kọ́, F àti G nínú èkejì, kí ẹ tún padà sí Am. Kò sí nǹkan mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi tí àwọn tó ń kọ́ ọ ti máa ń ṣìnà ni pé ọwọ́ wọn ń wá kọ́ọ̀dù karùn-ún, ìyẹn E tí ẹ bá wà ní Am, èyí tó máa ń mú orin délé. Dylan kò fi í síbẹ̀. Orin náà gòkè díẹ̀, ó sọ̀ díẹ̀, kò sì délé rí, ìdí sì nìyẹn tí ara kì í fi í balẹ̀ bí a bá ń gbọ́ ọ. Ẹ má fi E kún un.

Hendrix ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1968 ní Olympic Studios, ní London, Dave Mason sì ń ta gìtá onígi olókùn méjìlá lẹ́yìn rẹ̀. Ó jáde ní oṣù Kẹsàn-án, ó dé ipò 20 ní Amẹ́ríkà àti ipò 5 ní Brítéènì. Hendrix dẹ gbogbo okùn gìtá rẹ̀ wálẹ̀ ní ààbọ̀ ohùn, ó wá di C#m, B, A mú, ó ń dún bíi Cm, B♭, A♭. Bí ẹ bá fẹ́ ta á tẹ̀lé àwo rẹ̀, ẹ dẹ okùn tiyín náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní bára mu láéláé.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọnú eré.

“Crossroads” ni apá 19 àti apá 20 nínú sáà kẹta. Abala kìíní jáde ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2007, abala kejì ní ọjọ́ 25. Ẹjọ́ Gaius Baltar, ààrẹ àná tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kàn, ló gba iwájú nínú méjèèjì, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ń wo ilé ẹjọ́, wọn kì í fetí sí ohun tó ń lọ lẹ́yìn. Èèyàn mẹ́rin ló ń gbọ́ orin kan tí ẹlòmíì kò gbọ́: Saul Tigh, igbákejì Adama ọ̀gá ọkọ̀, Galen Tyrol, olórí àwọn tó ń tún ọkọ̀ ṣe, Samuel Anders, ọkọ Kara Thrace awakọ̀ òfuurufú, àti Tory Foster, ẹni tó ń bá ààrẹ Laura Roslin ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò tíì di orin. Ó dà bíi rédíò tí wọn kò yí dé ojú ibi tó yẹ: ohùn díẹ̀ á yọ, á pòórá, á tún yọ láti ibòmíì. Tigh, tó jẹ́ jagunjagun, rò pé ọ̀tá ló ń fi àmì ránṣẹ́. Ó ń fi etí mọ́ ara ògiri, ó ní inú ọkọ̀ gan-an ni orin náà wà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ orin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu wọn bí ọ̀rọ̀ lásán. Ẹni kan ní ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà tí a fi lè jáde níbí, ẹlòmíì ní rúdurùdu ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá mọ orin Dylan á ta kìjí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé àárẹ̀ ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára gan-an ni èyí, torí gbólóhùn wọ̀nyẹn bá ipò tí wọ́n wà mu débi pé kò sí èyí tó dún bí ohun tí wọ́n há sórí. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ, iná kú pátá, orin sì ń fa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí yàrá kan náà láìpe ara wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wá mọ̀ pé Cylon ni àwọn. Kí ẹni tó gbàgbé lè rántí: Cylon ni ẹ̀rọ tí èèyàn dá tó padà wá dojú ìjà kọ èèyàn, irú méjìlá ló ní àwọ̀ èèyàn, méje ti hàn, márùn-ún ṣì wà nípamọ́. Mẹ́rin nínú márùn-ún yẹn ni wọ́n. Ẹ̀karùn-ún, Ellen Tigh, kò tíì hàn.

Ìgbà tí wọ́n mọ ara wọn tán ni orin tó bú jáde lódindi. Ọ̀tá ti dé, àwọn awakọ̀ òfuurufú ti jáde lọ jagun, Kara Thrace tí gbogbo ayé gbà pé ó ti kú yọ sí Lee Adama, ọmọ ọ̀gá ọkọ̀, ó ní òun ti dé Ayé. Kámẹ́rà fà sẹ́yìn títí ìràwọ̀ fi kún ojú, ó tún wọlé padà títí a fi rí Ayé wa yìí. Brendan McCreary ló ń kọrin lórí gbogbo rẹ̀. Steve Bartek wà nídìí gìtá, John Avila nídìí báàsì, àwọn méjèèjì sì ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ Oingo Boingo tẹ́lẹ̀. Ohun èlò tó ṣíwájú ni sítà oníná, irú tó ń dún bí ohun Íńdíà, ìlù sì wúwo lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó nínú gbogbo eré náà.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ lórí ohun kan níbí, torí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo èyí tó kù. Ohùn kúkurú tí sítà fi ṣíde, tó ń tún ara rẹ̀ sọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, kò sí nínú ti Dylan, kò sí nínú ti Hendrix. McCreary ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ jẹ́ ti Dylan, kọ́ọ̀dù jẹ́ ti Dylan, ohùn tí akọrin ń tẹ̀ lé jẹ́ ti Dylan. Ṣùgbọ́n ohùn ìṣíde yẹn, tí àwọn mẹ́rin ń gbọ́ lára ògiri, tuntun ni. Òun náà ni ọmọdé máa yà sórí bébà, òun ni Kara máa tẹ̀ lórí píánò. Bí ẹ bá ń wá ohùn tí Dylan fi kọrin nínú sáà kẹrin, ẹ ò ní rí i, ẹ ó sì rò pé orin náà kò padà wá. Ó padà wá. Ohùn McCreary ni kí ẹ máa wá.

Nínú “Revelations”, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2008, kò pẹ́ rárá: Tigh, Tyrol àti Anders tún gbọ́ ọ, ó fà wọ́n lọ sí ìdí ọkọ̀ kékeré tí Kara fi padà dé, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí àmì tó júwe Ayé. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá eérú. Ayé yẹn kì í ṣe tiwa, ó sì ṣe pàtàkì kí ẹ fi í sọ́kàn. “Sometimes a Great Notion” tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2009. Lórí ilẹ̀ tó jóná náà ni Anders ti rí àfọ́kù gìtá kan, tó sì rántí pé òun ti gbé ibẹ̀ rí, pé òun ti ta orin náà níbẹ̀. Apá “No Exit”, ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ló wá ṣàlàyé pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn ni àwọn márùn-ún ti gbé ibẹ̀. Ohun tí àwọn mẹ́rin ń gbọ́ nínú “Crossroads”, ìrántí ni.

Apá tó jinlẹ̀ jù, lójú tèmi, ni “Someone to Watch Over Me”, ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2009. Bradley Thompson àti David Weddle ló kọ ọ́, Michael Nankin ló darí rẹ̀. Kara jókòó sí ilé ọtí inú ọkọ̀, ọkùnrin kan wà nídìí píánò tó ń gbìyànjú láti ṣe orin tuntun, kò rí i ṣe. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ tẹ̀ ẹ́. Kara ń rántí bàbá rẹ̀, Dreilide Thrace, tó máa ń tẹ píánò, tó sì fi ilé sílẹ̀ nígbà tí Kara ṣì kéré. Ó rántí orin kan tí bàbá náà kọ́ ọ, orin tó máa ń mú inú rẹ̀ dùn tó sì máa ń bà á nínú jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Hera, ọmọ kékeré tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Cylon tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ èèyàn, ti fún un ní bébà tó ya àmì kéékèèké sí. Ojú ìràwọ̀ ni gbogbo wọn fi ń wò ó. Kara fa ìlà gba àárín wọn, ó rí i pé orin ni: àmì tó wà lókè, ohùn òkè, èyí tó wà nísàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn sítà inú “Crossroads” ló jáde, lórí píánò lọ́tẹ̀ yìí. Tigh wà nínú ilé ọtí náà, ó sáré wá bi í léèrè ibi tó ti kọ́ orin yẹn. Kara ní bàbá òun ni. Ó bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹnikẹ́ni lórí àga píánò mọ́. Ẹ tún apá yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ ṣọ́ ọkùnrin náà dáadáa: kò sí ẹlòmíì tó bá a sọ̀rọ̀ àfi Kara. Ẹ ó sì gbọ́ pé àwọn ohùn tí ọkùnrin náà ń dánwò láti ìbẹ̀rẹ̀ ń súnmọ́ orin náà díẹ̀díẹ̀. McCreary bá àwọn òǹkọ̀wé ṣiṣẹ́ lórí èyí kí wọ́n tó ya àwòrán, torí orin ni ìtàn apá náà. Kò ṣeé fi kún un lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yà á tán bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún àwọn apá tó kù.

Àṣìṣe kan wà tí ọ̀pọ̀ ń ṣe níbí. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí Kara ti mọ orin, Cylon ni òun náà. Rárá o. Ellen ni ẹ̀karùn-ún, iye náà sì pé. Bí orin ṣe dé ọwọ́ bàbá Kara, eré náà kò sọ, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo “Daybreak”. Ogun ti le, ọkọ̀ ń fọ́, Adama ní kí Kara mú ọkọ̀ fò kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì mọ nọ́ḿbà ibi tó yẹ kí wọ́n fò lọ. Ó ti gbìyànjú láti fi nọ́ḿbà rọ́pò ohùn orin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan tẹ́lẹ̀, kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ìgbà náà ló tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ orin Dylan, ti ẹni tó ń wá ọ̀nà àbájáde, sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún Yorùbá láti gbà. Dùndún ń fi ohùn lásán sọ̀rọ̀, àwa sì ni wọ́n fi dò-re-mí kọ́ ní àmì ohùn ní ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá pe dò ní 1, re ní 2, mí ní 3, orin èyíkéyìí lè di ìlà nọ́ḿbà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé dùndún ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ èdè á tú u. Ti Kara kò ní ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́, kò sì sí ẹni tó lè tú u àyàfi kó lò ó kó sì wo ibi tó máa gbé e dé.

Ibi tó gbé wọn dé ni Ayé wa yìí gan-an, ní ilẹ̀ Áfíríkà, ní ọ̀kẹ́ méje ààbọ̀ ọdún sẹ́yìn, ìyẹn 150,000. Wọ́n pe pílánẹ́ẹ̀tì yìí ní Ayé ní ìrántí ti àkọ́kọ́ tó jóná. Eré wá fo gbogbo ọdún náà, ó bọ́ sí ìlú New York ti òde òní: ẹnì kan ń ka ìwé ìròyìn nípa ìyá àgbà gbogbo èèyàn tí wọ́n rí egungun rẹ̀ ní Tanzania, a sì mọ̀ pé Hera ni. Ronald D. Moore, ẹni tó darí gbogbo eré náà, ni ọkùnrin tó mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́. Ìgbà yìí, tí a rí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì òde òní lójú tẹlifíṣọ̀n, ni Hendrix wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan náà nìyẹn. Àwo ayé wa kò lè jáde kí ìtàn tó dé ayé wa, ìdí gan-an nìyẹn tí McCreary fi ní láti ṣe tirẹ̀ kó má jọ ti Dylan, kó má sì jọ ti Hendrix.

Èyí ló mú wa dé orí ìbéèrè yín tó le jù: báwo ni wọ́n ṣe mọ orin Dylan? Àlàyé tí Moore fún McCreary nígbà tí wọ́n ń múra “Crossroads” sílẹ̀ ni pé Dylan kò sí nínú ayé wọn rárá. Akọrin kan níbẹ̀ ló kọ orin tí ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀ bá ti Dylan dọ́gba, bóyá torí pé orísun kan náà, tí ojú kò rí, ni àwọn méjèèjì ti pọn ọ́n. Bí ẹ bá fi ìyẹn ka eré náà, gbogbo rẹ̀ á tò. Anders ta á ní Ayé àkọ́kọ́. Bàbá Kara tẹ̀ ẹ́ lórí píánò. Hera yà á láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Lẹ́yìn 150,000 ọdún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹni tó jí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nínú ìtàn yìí, Dylan ni ẹni tó gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ owó àti ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe fíìmù. Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀: ti ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, àti ti ẹni tó ni àwo tí wọ́n gbà á sí. Bí ẹ bá tún orin kọ fúnra yín, ti àkọ́kọ́ nìkan lẹ máa gba àyè rẹ̀. Àwo tuntun á jẹ́ tiyín. Bí ẹ bá fẹ́ lo àwo Hendrix, àyè méjì lẹ máa gbà, owó méjì lẹ sì máa san. Ẹ má rò pé sísan ọ̀kan ti kó ìkejì mọ́ra.

Bí ẹ bá fẹ́ padà lọ wò ó, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ḿbà apá. Àwọn kan ka fíìmù “Razor”, tó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007, mọ́ sáà kẹrin bí apá méjì, àwọn mìíràn kò kà á. Nítorí náà, “Revelations” lè jẹ́ apá 10 tàbí 12, “Someone to Watch Over Me” sì lè jẹ́ 17 tàbí 19. Wọ́n tún pín “Daybreak” sí méjì níbì kan, sí mẹ́ta níbòmíì. Orúkọ apá ni kí ẹ wá, ẹ má wá nọ́ḿbà. “Razor” àti fíìmù kejì, “The Plan”, kò pọn dandan fún ọ̀rọ̀ orin yìí.

Fún gbígbọ́, àwo orin sáà kẹta jáde ní ọdún 2007, ti sáà kẹrin ní 2009. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ “Heeding the Call” ṣáájú “All Along the Watchtower”, torí nínú “Heeding the Call” ni àfọ́kù ohùn inú ògiri wà. Nínú ti èkejì, ẹ gbọ́ “Kara Remembers” ti píánò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ “Kara’s Coordinates”, kí ẹ gbọ́ bí ohùn kan náà ṣe kúrò lọ́wọ́ ọmọdé tó ń tẹ píánò di ti ọkọ̀ tó ń wá ibi tó máa sá sí. Ẹ lo ohun tí ẹ lè kì bọ etí, torí ẹnu tẹlifíṣọ̀n kì í gbé sítà kékeré yẹn jáde bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ti lè fi ẹnu mú ohùn náà láìsí ohun èlò, ẹ jókòó ti ẹ̀gbọ́n yín, kí ẹ jọ padà sí “Crossroads” abala kìíní, kí ẹ wo èwo nínú yín ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ ṣáájú Tigh.